Orí Kẹta: Kò Sẹ́ni Tó Sùn ní Ọdẹ Tó Jí ní Àgbẹ̀

Ó ti tó 300,000 ọdún tí irú èèyàn bíi tiwa yìí ti wà láyé. Nínú gbogbo ọdún yẹn, iṣẹ́ àgbẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí 11,500 ọdún lọ. Ìyẹn ni pé ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn wa, kò sí oko, kò sí ebè, kò sí abà, kò sí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò àkọ́rọ̀ máa tètè dé. Ẹran ìgbẹ́ là ń pa, ẹja là ń pa, èso là ń ká, gbòǹgbò là ń wà, oyin là ń kó. Ìdílé bíi mélòó kan á jọ máa rìn, wọ́n á pàgọ́ síbi tí oúnjẹ bá wà. Bí oúnjẹ ibẹ̀ bá tán, wọ́n á ṣí lọ síbòmíràn.

Ohun tí wọ́n sábà ń sọ fún ọmọdé ni pé ebi ló ń pa àwọn ará ìgbàanì, pé òye ò sí, títí ọlọ́gbọ́n kan fi ju kóró sílẹ̀ tó sì rí i pé ó hù. Mi ò gba ìtàn yẹn gbọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbà á gbọ́ mọ́. Ẹni tó ń ti inú igbó jẹun mọ ewé, ó mọ egbò, ó mọ ìgbà tí igi kọ̀ọ̀kan ń so, ó mọ èyí tó lè pani àti bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi kí májèlé inú rẹ̀ lè jáde. Pé kóró tó bọ́ sílẹ̀ máa hù kì í ṣe àṣírí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé, nígbà tí wọ́n ti mọ̀, kí ló dé tí wọn ò dáko fún gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún yẹn? Kí ló sì wá yí ọkàn wọn padà?

Jack Harlan, onímọ̀ nípa irúgbìn ará Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá apá kan nínú ìdáhùn náà ní àárín àwọn ọdún 1960. Ó lọ sí agbègbè òkè Karacadağ, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí àlìkámà ìgbẹ́ ti ń hù fúnra rẹ̀ lọ súà. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán já a, lẹ́yìn náà ó fi dòjé olókùúta, irú èyí tí àwọn ará ìgbàanì lò, gé e. Láàárín wákàtí kan, ó ti rí ju kílò kan lọ, ọkà tó mọ́, tí wọ́n ti fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ó ṣírò rẹ̀ pé bí ìdílé kan bá fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kórè bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n máa kó wálé á ju ohun tí wọ́n lè jẹ tán lọ́dún kan. Ẹnikẹ́ni ò sì kọ ebè, ẹnikẹ́ni ò ro oko.

Àwọn èèyàn ti ń ṣe irú ìkórè yìí tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1989, omi òkun Gálílì fà gan-an, ibùdó àtijọ́ kan tí wọ́n wá sọ ní Ohalo II sì yọ jáde. Ó ti lo nǹkan bí 23,000 ọdún. Wọ́n bá ìpìlẹ̀ ahéré níbẹ̀, wọ́n bá kóró ọkà bálì àti àlìkámà ìgbẹ́, wọ́n sì bá òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Ní Shubayqa, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, wọ́n rí èérún búrẹ́dì tó jóná nínú ààrò kan tó ti lo bí 14,400 ọdún. Búrẹ́dì fi nǹkan bí 3,000 ọdún ṣáájú oko. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn bá a ṣe ń lọ, torí pé ó dojú ìtàn tá a gbọ́ ní kékeré dé pátápátá.

Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣe kedere jù ni Abu Hureyra, abúlé àtijọ́ kan létí odò Yúfírétì ní àríwá ilẹ̀ Síríà. Ìjọba Síríà ń kọ́ ìsédò ńlá kan ní Tabqa, omi rẹ̀ sì máa bo gbogbo àfonífojì náà. Andrew Moore àti àwọn awalẹ̀pìtàn tó kó dání sáré wa ibẹ̀ ní ọdún 1972 àti 1973. Lẹ́yìn ìyẹn, omi dé. Abẹ́ adágún ni Abu Hureyra wà títí di òní, kò sì sí ẹni tó tún lè padà lọ wà á. Gbogbo ohun tá a mọ̀ nípa rẹ̀ wá láti inú ohun tí wọ́n kó jáde ní àkókò kúkúrú yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni pé wọn ò wá ìkòkò àti egungun nìkan. Wọ́n kó erùpẹ̀ ilẹ̀ náà sínú omi, wọ́n rò ó pọ̀. Erùpẹ̀ rì, àwọn kóró tó ti jó di èédú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún léfòó, bí èèpo ẹ̀wà ṣe máa ń léfòó nígbà tá a bá ń bó o fún àkàrà. Wọ́n fi asẹ́ kó wọn, wọ́n sá wọn, wọ́n sì kó wọn fún Gordon Hillman, onímọ̀ nípa ewéko ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Hillman fi tẹjú mọ́ awò amúǹkantóbi láti ya kóró kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ohun tó rí ya èèyàn lẹ́nu. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ Abu Hureyra dó, ní nǹkan bí 13,000 ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe àgbẹ̀ rárá, síbẹ̀ irú ewéko tí wọ́n ń jẹ lé ní 150. Láàárín wọn, àwọn kan wà tó ń so nígbà ìrúwé, àwọn kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Ìyẹn fi hàn pé wọn kì í ṣí mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé láti ọdún dé ọdún. Nígbà ìrúwé, agbo gazelle, ẹranko kan tó jọ ẹtu, máa ń gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe ń lọ síhà àríwá, àwọn ará abúlé á sì pa wọ́n lápalù. Ilé ti dúró kí oko tó dé. Wọ́n kọ́ wa pé oko ló mú kí èèyàn jókòó sójú kan. Ní Abu Hureyra, jíjókòó sójú kan ló ṣáájú, nítorí pé ẹran àti èso ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ìdí láti ṣí.

Ní nǹkan bí 12,900 ọdún sẹ́yìn, ojú ọjọ́ yí padà. Ilẹ̀ ayé tó ti ń móoru bọ̀ látìgbà tí yìnyín ńlá ti ń yọ́ tún padà tutù, òjò sì wọ́n ní gbogbo agbègbè yẹn. Ó lé ní 1,000 ọdún tó fi rí bẹ́ẹ̀. Hillman rí i nínú kóró Abu Hureyra bí oúnjẹ ìgbẹ́ ṣe ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan: èso igi kọ́kọ́ dín kù, lẹ́ńtìlì ìgbẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àlìkámà ìgbẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ló wá rí kóró ráì díẹ̀ tó tóbi ju ti ìgbẹ́ lọ, àti àwọn èpò tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti ro ni wọ́n máa ń hù sí. Ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé àwọn ará Abu Hureyra ti ń gbin ráì nígbà tí igbó ò lè bọ́ wọn mọ́. Àwọn onímọ̀ míì ò gbà fún un. Wọ́n ní kóró náà kò pọ̀ tó láti fi ṣe ẹ̀rí. Ní tèmi, bóyá ráì yẹn jẹ́ ti oko tàbí kò jẹ́ ti oko, ohun kan dájú: ẹni tó ti kọ́lé, tó ti sin òkú bàbá rẹ̀ sábẹ́ ilé, tó ní ọmọ tí kò tíì lè rìn, kì í tètè ṣí nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Ó máa wá ọ̀nà láti mú kí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ mú oúnjẹ wá. Ní nǹkan bí 11,700 ọdún sẹ́yìn, ìgbóná padà, òjò padà, ojú ọjọ́ sì wá fara balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àárín ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni oko tàn ká láti Jọ́dánì àti Síríà dé Tọ́kì àti Ìráànì.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ nídìí ṣírí ọkà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí ṣírí àlìkámà ìgbẹ́ bá gbó, oríkèé tó so kóró kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá àárín rẹ̀ á gbẹ, á sì máa já fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, kóró á fọ́n ká sílẹ̀. Irun gígùn tó wà lórí kóró á máa ràn án lọ́wọ́ láti wọnú erùpẹ̀. Bí ewéko náà ṣe ń bímọ nìyẹn, ó sì dára fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye, a máa ń rí ṣírí kan tí oríkèé rẹ̀ ò já. Kóró rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi jẹrà tàbí tí ẹyẹ á fi ṣà á jẹ. Nínú igbó, irú ewéko bẹ́ẹ̀ kì í ní àtẹ̀lé.

Àfi bí èèyàn bá dé pẹ̀lú dòjé. Bí dòjé bá kan ìdí ọkà tó ti gbó, àwọn kóró tó rọrùn láti já á dà sílẹ̀. Àwọn tó lẹ̀ mọ́ ṣírí ló máa bá olùkórè délé. Bó bá wá di ìgbà ìgbìn, inú ohun tó kó wálé ló ti máa mú irúgbìn, kì í ṣe inú ohun tó dà sílẹ̀ lóko. Lọ́dọọdún, àwọn alágídí wọ̀nyẹn á máa pọ̀ sí i. Ẹni tó ń kórè ò mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan tó yàtọ̀. Nínú ọkà bálì, àwọn onímọ̀ ti rí jíìnì méjì tó ń jẹ́ kí oríkèé já. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ti bà jẹ́, ṣírí á dì mú kóró rẹ̀. Àṣìṣe bíńtín ni nínú ara ewéko, ìyẹn sì ni gbogbo ìlú tó wá ń jẹ ọkà bálì dúró lé.

Hillman àti Stuart Davies gbin àlìkámà ìgbẹ́, wọ́n ṣírò bó ṣe máa yí padà, wọ́n sì sọ ní ọdún 1990 pé láàárín 20 ọdún sí 200 ọdún, gbogbo oko lè ti di ti oníṣírí líle. Ìṣirò yẹn dára. Àmọ́ nígbà tí Ken-ichi Tanno àti George Willcox wo oríkèé ọkà tí wọ́n wà jáde láti àwọn abúlé àtijọ́ ní Síríà àti Tọ́kì, èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé ó lé ní 1,000 ọdún tí èyí tó ń já àti èyí tí kì í já fi jọ wà lóko kan náà. Èmi ò rí ohun ìyanu nínú ìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọkà òun máa dà sílẹ̀ á tètè kórè rẹ̀ kó tó gbó tán, á tún ṣa ti ilẹ̀. Bí irè oko ò bá ṣe dáadáa, á tún padà sínú igbó lọ wá irúgbìn. Ó tó ogójì ìran èèyàn tí wọ́n fi jẹ́ ọdẹ tí wọ́n tún ń dáko, tí wọ́n ń gbin díẹ̀, tí wọ́n ń ṣa díẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó máa gbà ọ́ gbọ́ bó o bá sọ fún un pé òun ń yí ayé padà.

Kí ni wọ́n san fún un? Egungun ló sọ fún wa. Theya Molleson, tó ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ ohun àdánidá ní Lọ́ńdọ̀nù, yẹ egungun àwọn ará Abu Hureyra wò fínnífínní. Lára egungun àwọn obìnrin, ó rí i pé oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti jẹ, egungun orúnkún ti gbó, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti tẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà kan nídìí ọlọ á mọ ohun tó fa èyí. Obìnrin á kúnlẹ̀, á ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ sábẹ́, á di ọmọ ọlọ mú lọ́wọ́ méjèèjì, á tì í lọ, á fà á bọ̀. Ọlọ àwọn ará Abu Hureyra wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè lọ ọkà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í pẹ́ bà jẹ́. Ojoojúmọ́ ni, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, láti ìgbà ọmọdébìnrin títí dọjọ́ ikú. Molleson rí i lára àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú.

Eyín tiẹ̀ tún burú sí i. Èérún òkúta ọlọ wà nínú ìyẹ̀fun, odidi kóró líle tí kò kúnná wà níbẹ̀, eyín àwọn èèyàn sì ń fọ́, ó ń jẹ tán dé ìdí erìgì. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi asẹ́ sẹ́ ìyẹ̀fun ni ìyẹn dín kù. Nígbà tó yá, wọ́n mọ ìkòkò amọ̀, wọ́n sì lè se ọkà di ògì. Eyín sinmi. Ṣùgbọ́n ògì ṣe nǹkan míì tó ju ìyẹn lọ: ó jẹ́ kí ìyá lè tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú. Obìnrin tó ń ṣí káàkiri, tó ń gbé ọmọ kan pọ̀n, kì í fẹ́ lóyún òmíràn kí ti ẹ̀yìn tó lè rìn. Obìnrin tó jókòó sójú kan, tó ní ògì, lè bí lẹ́yìn ọdún méjì. Abu Hureyra tó jẹ́ ilé díẹ̀ nígbà àwọn ọdẹ di abúlé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nígbà àwọn àgbẹ̀.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè padà. Igbó tó lè bọ́ igba èèyàn ò lè bọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìran tó bá fẹ́ ju ọkọ́ sílẹ̀ kó padà sídìí ọrun àti ọfà á ti rí i pé ọmọ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àwọn èèyàn ò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ibì kan ṣoṣo. Àwọn ará Ṣáínà sọ ìrẹsì di ti oko létí odò Yangtze. Àwọn ará Mẹ́síkò mú koríko kan tó ń jẹ́ teosinte, tí kóró rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, wọ́n sọ ọ́ di àgbàdo tá a ń jẹ lónìí. Àwọn ará òkè Andes gbin ọ̀dùnkún. Àwọn ará New Guinea gbẹ́ ojú omi fún kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwa náà wà lára wọn.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà náà yàtọ̀. Màlúù ló ṣáájú. Nígbà tí aṣálẹ̀ Sàhárà ṣì ní omi àti koríko, àwọn darandaran ti ń da màlúù níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìdáko. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ, wọ́n ń sún síhà gúúsù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin jéró. Ní àfonífojì Tilemsi, ní ilẹ̀ Màlì, èèpo jéró oko wà nínú amọ̀ tí wọ́n fi mọ ìkòkò ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn.

Ní ẹkùn igbó tiwa, ọ̀dọ̀ iṣu lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí èèyàn ti ń gbé níhìn-ín: ní ọdún 1965, Thurstan Shaw wa Ihò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó bá ohun èlò olókùúta àti egungun ẹnì kan tó ti lò ju 11,000 ọdún lọ. Ṣùgbọ́n iṣu kì í fi èédú sílẹ̀ bíi kóró ọkà. Bó bá jẹrà, ó ti tán nìyẹn. Ìdí rèé tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi dákẹ́ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí àwọn kan sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé apá ibí yìí ò ní nǹkan kan tó fi kún oúnjẹ ayé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ní ọdún 2019, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA iṣu 167, ti oko àti ti ìgbẹ́. Wọ́n tọpa iṣu funfun dé ọ̀dọ̀ iṣu ìgbẹ́ kan tó ń hù nínú igbó dídí, wọ́n sì ní agbègbè Odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni wọ́n ti sọ ọ́ di ti oko.

Iṣẹ́ náà ò sì tíì parí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín àwọn Nàgó, tí í ṣe ọmọ Yorùbá, àti àwọn Fọ̀n, àgbẹ̀ díẹ̀ ṣì wà tó ń lọ wa iṣu ìgbẹ́ nínú igbó wá gbìn sóko. Iṣu ìgbẹ́ ní ẹ̀gún, ó sì máa ń wọlẹ̀ lọ jìnnà. Àgbẹ̀ á fi ohun líle dí ìsàlẹ̀ ebè kó má bàa rí ibi gùn lọ, á gé èbù lára rẹ̀, á tún un gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á máa ṣa èyí tó sanra tí ẹ̀gún rẹ̀ dín kù. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó ti di iṣu tó ṣeé gún. Mignouna àti Alexandre Dansi kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2003. Ohun tí àwọn ará Síríà fi ẹgbẹ̀rún ọdún ṣe láìmọ̀, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àwa náà san tiwa, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló sì wà. Nínú igbó dídí, oòrùn kì í dé ilẹ̀. Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, fẹ́ràn láti yé sínú omi kékeré tí oòrùn ń ta sí. Nígbà tí wọ́n ṣán igbó láti kọ ebè, omi òjò dúró sí ojúkò láàárín oko, àwọn èèyàn sì péjọ sí abúlé nítòsí rẹ̀; ẹ̀fọn rí ibi yé sí, ó rí ẹ̀jẹ̀ mu. Frank Livingstone, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe àlàyé yìí ní ọdún 1958, ó sì fi hàn pé bí oko ṣe ń wọnú igbó ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló bá bí jíìnì àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe tàn ká mu. Ọmọ tó gba jíìnì náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, tá à ń pè ní AS, kì í tètè kú nípa ibà, nítorí náà ó ń dàgbà, ó ń bímọ. Ọmọ tó gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ìyẹn SS, ló ń jẹ ìrora rẹ̀. Ní ọdún 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ láti inú DNA pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni jíìnì náà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Sàhárà ṣì tutù. Ó ti wà, nígbà náà, kí oko tó gba igbó wa. Oko ló fún ẹ̀fọn láyè, ẹ̀fọn ló sì jẹ́ kí jíìnì náà pọ̀ tó báyìí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS lónìí, ìdí sì nìyẹn tí ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ fẹ́ra wọn fi ń kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.